Koríko ojúde ń pọ́n, ó ń kú káàkiri. Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn ilé náà ò gbèrú (Adó-Èkìtì)

Ọmọ Adó Òkè

Ẹ̀yin Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Adó nibi ni ilé wa wà, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ilẹ̀ pupa tó ní yangí nínú ni wọ́n fi típà kó wá tẹ́ iwájú ilé kó lè tẹ́jú. Oṣù kẹfà èṣí la gbin koríko kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, mítà 5 lóòró, mítà 4 níbùú.

Ibi tí oòrùn ti ń pa á gan-an, ewé ń pọ́n, ó sì ń gbẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí àwọn bírìkìlà ti po kọnkéré, kò sóhun tó hù rárá. Lábẹ́ igi máńgòrò, ilẹ̀ lásán ló kù. Ẹni tó ń bá wa tọ́jú ibẹ̀ da ajílẹ̀ òyìnbó NPK agolo mílíìkì 2 sí ojú ibi kan tó ń pọ́n, ọjọ́ kẹta ni gbogbo rẹ̀ jó.

Ẹ̀yìn ilé náà ò dáa. Tẹ̀tẹ̀ ò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ tó fi ń yọ òdòdó, ewédú tí a gbìn kò hù, ewé ilá sì ti lu bí ajere. Ṣé ajílẹ̀ ni kò tó ni, àbí kòkòrò ló wà nílẹ̀?

Bàbá Ọlọ́gbà, Ìkọ̀lé

Ẹ má ì tíì ra ajílẹ̀ kankan. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, ilẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Yangí tí táyà típà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ki ju kí gbòǹgbò wọ inú rẹ̀ lọ. Òjò rọ̀, omi ṣàn lọ lórí rẹ̀. Oòrùn ràn, ìwọ̀nba tó wọlẹ̀ gbẹ láàárín ọjọ́ 2. Koríko yín ń jẹun lórí ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹni tó tà á gé mọ́ ọn lábẹ́ ni, kò tíì wọ inú ilẹ̀ yín. Àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí.

Lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, ẹ mú irin 12mm tí àwọn bírìkìlà ṣẹ́kù, ẹ fi ọwọ́ tì í wọlẹ̀. Ẹ má fi òòlù gbá a. Tó bá wọlé tó íǹṣì 6 sí 8, kò burú. Tó bá dúró ní íǹṣì 3, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò dúró sí. Ẹ tì í níbi 10, torí òkúta kan ṣoṣo lè ṣì yín lọ́nà.

Lẹ́yìn náà ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ 1 jíjìn, ẹsẹ̀ 1 fífẹ̀. Ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún bu òmíràn kún un. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí la fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé ti àkọ́kọ́ ilẹ̀ gbígbẹ lásán ló mu ún. Ẹ ki igi bọ̀ ọ́, kí ẹ sàmì sí i. Tí omi bá ń fà tó íǹṣì 1 ní wákàtí kan, ilẹ̀ ń mí. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ koríko á máa jẹrà lásìkò òjò, á sì máa gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn: àárín oṣù 12 kan náà ni ìyà méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ di koríko tó ń pọ́n mú, kí ẹ fà á. Tó bá ká kúrò nílẹ̀ bí ẹní láìjà, ẹ tú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá ẹ óò rí ìdin funfun tó ká kọdọrọ, tí orí rẹ̀ pọ́n. Ọmọ àwọn kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ líle ni, gbòǹgbò ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀kan tàbí méjì kì í ṣe nǹkan. Tó bá ju 5 lọ nínú ẹsẹ̀ 1 lóòró àti níbùú, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò bá wà tó kúrú, tó dúdú, ilẹ̀ ni.

Pípọ́n ewé náà ní ìtumọ̀. Ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ló kọ́kọ́ pọ́n látòkè délẹ̀? Ebi náítírójìn ni. Ewé tuntun ló pọ́n, àmọ́ iṣan inú rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀? Áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà irin inú ilẹ̀, ni kò rí gbà, sìmẹ́ǹtì ló sì sábà ń fà á, torí ẹfun inú rẹ̀ ń sé áyọ́ọ̀nù mọ́ gbòǹgbò. Ìdí nìyẹn tí ibi tí wọ́n ti po kọnkéré fi rí bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn ibẹ̀ ju kí ẹ fi dígà ṣí èépá rẹ̀ kúrò, kí ẹ kó ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jáde tó íǹṣì 8, kí ẹ fi ilẹ̀dú dí i. Àwọn kan á ní kí ẹ da eérú sí i. Ẹ má gbà fún wọn. Eérú àti sìmẹ́ǹtì, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù nínú ilẹ̀.

Ti NPK yẹn: agolo mílíìkì kan gba bíi gíráàmù 160. Gíráàmù 25 ló tó fún mítà kan lóòró àti níbùú, nítorí náà agolo 2 ì bá kárí mítà 4 sí mítà 3. Ojú kan ni wọ́n dà á sí. Ajílẹ̀ òyìnbó dà bí iyọ̀ nínú ilẹ̀, á máa fa omi jáde lára gbòǹgbò. Ẹ bomi garawa 2 sí i lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 3 kó lè wẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìyẹn tí ihò yẹn bá fi hàn pé omi ń rí ibì kan gbà.

Kóóko Tútù, Ìkẹ́rẹ́

Bàbá ti sọ ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti koríko fúnra rẹ̀. Oríṣi 2 ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta koríko nílẹ̀ wa. Kápẹ́ẹ̀tì tí ewé rẹ̀ gbòòrò fẹ́ ọ̀rinrin, ó lè fara da ibòji díẹ̀, ilẹ̀ tó ní ásíìdì díẹ̀ náà kì í ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á. Bahama tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín ń fẹ́ oòrùn wákàtí 6 ó kéré tán, ó lè gba ẹsẹ̀ ọmọdé, tí ọyẹ́ bá sì mú un, á pọ́n bí èyí tó kú, àmọ́ òjò méjì péré á jí i. Kápẹ́ẹ̀tì lẹ gbìn síbi tí oòrùn ti ń pa á jù. Mo lè fi í síbi tí ilé ń ṣíji bò lẹ́yìn ọ̀sán, kí n fi Bahama síta gbangba.

Lábẹ́ máńgòrò, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Níbi tí oòrùn kò ti dé ilẹ̀ tó wákàtí 3, koríko kankan ò ní pẹ́ níbẹ̀, gbòǹgbò máńgòrò fúnra rẹ̀ á sì máa bá a du omi. Ẹ fi ewé gbígbẹ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́. Abẹ́ kòkó ló ti mọ́ ọn lára, ibòji ni tirẹ̀. Ẹ gé itì rẹ̀ ní gígùn ọwọ́ kan, kí ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má kó ilẹ̀ jọ ti ìdí igi náà o, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ á jẹrà.

Kò dìgbà tí ẹ bá fi owó ra koríko tó máa bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ fa okùn rẹ̀ tó ń rá nílẹ̀, kí ẹ gé e kí oríkèé 3 wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bo oríkèé 2 mọ́lẹ̀, kí ìkẹta yọ orí síta. Íǹṣì 6 ni kí ó wà láàárín wọn. Bíi 44 ló máa wọ mítà kan lóòró àti níbùú. Ẹ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, nítorí àyè òfìfo lábẹ́ ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Omi ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà kí ẹ máa dín in kù. Bí òjò bá dáa, oṣù 2 sí 3 ló máa bo ilẹ̀.

Gígé rẹ̀: kápẹ́ẹ̀tì, íǹṣì 2, Bahama, íǹṣì 1. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń fi àdá bẹ́ koríko dé orí ilẹ̀ pé kó lè pẹ́ kó tó hù, oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n bẹ́ dànù. Ẹ pọ́n ojú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gé e. Ewé tó fàya dípò kó gé, ṣónṣó rẹ̀ á funfun ní ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nílé Yorùbá, ilẹ̀ tí a kò gbá láàárọ̀ kò tíì mọ́, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ọ̀wọ̀ líle tí wọ́n ń fi gbá orí koríko lójoojúmọ́ ń họ ilẹ̀ kúrò lára okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbòǹgbò á fi hàn síta. Réèkì ẹlẹ́yìn rírọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó tó.

Ọmọ Adó Òkè

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Irin ò kọjá íǹṣì 3 níbi tó pọ̀ jù, omi inú ihò ṣì wà níbẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí ìdin. Ẹnì kan ní kí n ra típà ilẹ̀dú kan kí n kàn tẹ́ ẹ lé e lórí. Ṣé kò tó bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ọlọ́gbà, Ìkọ̀lé

Kò tó. Lórí ilẹ̀ tó dà, omi á la ilẹ̀dú kọjá, á dé orí yangí, kò ní ríbi lọ, á wá máa yọ́ lọ sísàlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Òjò ńlá mélòó kan lẹ máa rí, ẹ óò bá ilẹ̀dú yín nínú gọ́tà.

Ẹ kọ́kọ́ tú abẹ́ rẹ̀. Ẹ má tú u nígbà tó rin gbingbin; ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, ẹ fi ìka tọ́ ọ. Tó bá fọ́, ó yá. Tó bá kàn tẹ̀, ẹ dúró di ọjọ́ 2. Ẹ fi dígà wà á tó íǹṣì 8, kí ẹ ṣa yangí tó bá ju ìkúùkù lọ kúrò. Ẹ tẹ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà lé e ní íǹṣì 2, ìyẹn bárò kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún mítà kan lóòró àti níbùú. Tiyín á gba bárò 20. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ abẹ́ délẹ̀délẹ̀. Ẹ wá tẹ́ ilẹ̀dú íǹṣì 2 lé e, kí ẹ fi ọkọ́ dà á pọ̀ díẹ̀ mọ́ ti abẹ́ kí ojú ààlà má baà wà láàárín wọn. Típà kékeré pàápàá pọ̀ ju ohun tí èyí máa gbà lọ. Ẹ bá aládùúgbò yín pín in.

Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀dú, ẹ gbọ́n ọn wò. Èyí tí wọ́n gbẹ́ láti àbàtà sábà máa ń ní kókó dúdú kéékèèké tó jọ òfíò nínú. Koríko onígun mẹ́ta ló máa tinú ẹ̀ hù, bí ẹ bá sì ti gbé e wọlé tán, fífà ò ràn án: ewé á já sí yín lọ́wọ́, kókó á kù sílẹ̀.

Ajílẹ̀ ò jìnnà sí wa ní Èkìtì. Èèpo kòkó ní pọ̀táṣíọ̀mù dáadáa. Èèpo ìrẹsì láti ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ ní Ìgbẹ́mọ máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ tú, kì í sì í tètè jẹrà. Apá 3 èèpo, apá 1 ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ rin ín, ẹ bò ó, ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò ní ṣeé lò kó tó oṣù 2 sí 3. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tó ṣì gbóná, kò tíì yá.

Kí ilẹ̀ dà kúrò lára ilé, íǹṣì 1 ní ẹsẹ̀ 4 kọ̀ọ̀kan. Níbi tí omi ti ń já láti orí páànù, ẹ má gbin nǹkan kan. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ní fífẹ̀, íǹṣì 4 ní jíjìn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ gbin kóóko ọba kan ṣoṣo ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kó dábùú ọ̀nà omi, íǹṣì 6 síra wọn. Á máa sẹ́ ilẹ̀, ẹ óò sì máa rí ewé agbo ibà gé.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìjerò

Ẹ kú ìtọ́jú ilé o, ọmọ mi. Kí n dáhùn ti ẹ̀yìn ilé.

Tẹ̀tẹ̀ tó bá ń yọ òdòdó ní kékeré, ebi ń pa á tàbí ó fún jù, ó sì ń sáré bímọ kó tó kú. Ẹ kọ ebè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ 4 kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, íǹṣì 6 sí 8 ní gíga, kó dábùú ilẹ̀ tó dà. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ tó sì ti tutù, rọ́bà pẹ́ńtì kan fún mítà kan lóòró àti níbùú. Èyí tó ṣì ń rùn gbì máa jó èso mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ ilé adìyẹ náà, ẹ jẹ́ kó jẹrà dúdú, torí pákó tútù á máa gba náítírójìn lọ́wọ́ ẹ̀fọ́ fún ìjẹrà ara rẹ̀.

Ṣíbí ìmutíì kan èso tẹ̀tẹ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ agolo mílíìkì 2, kí ẹ wọ́n ọn kárí mítà 3. Ilẹ̀ tó máa bò ó ò gbọdọ̀ ju sísanra owó kọ́bọ̀ méjì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní yọjú. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ fà á kúrò kó jìnnà síra tó íǹṣì 4; èyí tí ẹ fà, ẹ sè é jẹ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ lè gé e kí ẹ fi íǹṣì 6 sílẹ̀, á tún pẹ̀ka.

Ewédú ò hù nítorí èèpo èso rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ kà dé 10, ẹ yọ ọ́, ẹ rì í bọ inú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a níbòji kó má lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà. Tó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, ó ti jinná nìyẹn. Nígbà tó bá dàgbà, ẹ fa ọ̀kan wò: bí kókó bá wà lára gbòǹgbò rẹ̀, aràn ilẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ má gbin ewédú, tòmátì tàbí ilá síbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, àgbàdo ni kí ẹ fi sí i.

Èyí tó ń lu ewé ilá ni kòkòrò kéékèèké tó máa ń ta pọ́n-ún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 àkọ́kọ́ ló lè pa ilá. Tó bá ti dàgbà kọjá ìyẹn, ihò inú ewé kì í dín ọmọ rẹ̀ kù tó bí ẹ ṣe rò. Kóró 3 ni kí ẹ fi sí ojú kan, kí ẹ fi èyí tó yè jù sílẹ̀. Ewé dóńgóyárò kílò kan, ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 5 mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ṣíbí ọṣẹ olómi 1 sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, abẹ́ ewé náà pẹ̀lú, nítorí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Ọjọ́ 5 sí 7, ẹ tún un ṣe, tàbí bí òjò bá fọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn apẹ̀fọn inú ilé fọ́n ẹ̀fọ́. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ń ṣe é. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò tó lágbára, ló wà nínú àwọn kan nínú wọn, NAFDAC sì ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ láti ọdún 2019. Kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, wọn a sì já ẹ̀fọ́ náà lọ́jọ́ kejì.

Kóóko Tútù, Ìkẹ́rẹ́

Kí n fi díẹ̀ kún ti màmá wa. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi oògùn apakoríko pa èpò ewé gbòòrò tó wà láàárín koríko ojúde, ẹ rántí pé ẹ̀fọ́ wà lẹ́yìn ilé. Atẹ́gùn á gbé 2,4-D, oògùn èpò ewé gbòòrò náà, lọ, ewé tòmátì àti ilá á wé kọ́lọkọ̀lọ. Gílífósétì, oògùn apakoríko mìíràn, ní tirẹ̀ kì í yan koríko yàtọ̀ sí èpò, àtọ̀tún àtòsì ló máa pa. Parákúàtì, ẹ má tiẹ̀ wá a kiri, NAFDAC ti fòfin dè é láti 2024. Mítà 5 sí mítà 4 péré ni ojúde yín. Ọ̀bẹ àti ọwọ́, lẹ́yìn òjò, kí èpò tó so.

Ọmọ Adó Òkè

Ẹ ṣé, màmá. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo ló dáa jù kí n bẹ̀rẹ̀? Omi tí à ń rà ni mò ń rò.

Kóóko Tútù, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kó ajílẹ̀ jọ láti oṣù kìíní. Ẹ tú ilẹ̀ nígbà tí òjò oṣù kẹta àti kẹrin bá ti rọ̀ ọ́ díẹ̀. Oṣù karùn-ún sí kẹfà ni kí ẹ gbin koríko, kí òjò máa bá yín bomi sí i. Bí ó bá kọjá ìyẹn, ẹ dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn tí òjò bá ti dá lóṣù kẹjọ. Èyí tí ẹ bá gbìn ní oṣù kẹwàá, gbòǹgbò rẹ̀ ò ní tíì jìn kí ọyẹ́ tó dé.

Ti omi: koríko fẹ́ bíi lítà 25 lọ́sẹ̀ fún mítà kan lóòró àti níbùú. Gbogbo tiyín á jẹ́ lítà 500, garawa 25. Ẹ má ra ìyẹn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn nítorí Bahama, ẹ jẹ́ kó sùn. Kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ilé nìkan ni kí ẹ bomi sí, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kó wọlẹ̀ dáadáa. Ìbùwọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń mú gbòǹgbò jókòó sókè. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ dáa fún un. Omi ìfọṣọ tó ní Hypo kò dáa.

Ibi tí wọ́n ti po kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe o, kí bárò má baà tún gba orí koríko tuntun kọjá.